Aṣọ Tí Àgbà Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Ẹni ọdún 78 ni bàbá onílé mi ní Chennai, ní gúúsù Íńdíà. Ó lo ọdún tó lé ní 30 lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kí ó tó fẹ̀yìn tì, orúnkún rẹ̀ kan kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́, débi pé bí ó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, yóò kọ́kọ́ di ògiri mú, yóò mí kanlẹ̀, kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí àyà mi fi já ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn tí mo sì rí i tó nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì níwájú ilé, tí àyà rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Mo rò pé ó ṣubú ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e kí n tó rí ẹsẹ̀ méjì nínú sílípáàsì rọ́bà níbi tí orí rẹ̀ dojú kọ. Mo gbójú sókè. Ọkùnrin kan ló dúró níbẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ọsàn ló wọ̀, ó fárí kodoro, kò sì lè ju ẹni ọdún 50 lọ. Àkọ́bí bàbá onílé mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Singapore, jù ú lọ.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Nílé wa, ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń jiyàn lé lórí: bí o bá jí, wàá dọ̀bálẹ̀, bí àlejò àgbà bá wọlé, wàá dọ̀bálẹ̀, bí o bá ṣẹ̀, wàá dọ̀bálẹ̀, wàá sì pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ojú ọ̀nà tó ń gbà. Ọ̀dọ̀ ọmọdé ló ti ń lọ sọ́dọ̀ àgbà, kì í ṣàn padà sẹ́yìn. Bí àgbà bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ṣe ni ọmọdé yóò sá, nítorí bí ìgbà tí wọ́n ń gbé e ṣépè ni. Èdè wa tún pa ààlà kan tí mi ò fiyè sí rí títí di àárọ̀ ọjọ́ náà: èèyàn là ń dọ̀bálẹ̀ fún, Ọlọ́run tàbí òrìṣà là ń forí balẹ̀ fún. Bàbá mi, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, kò jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni pa méjèèjì pọ̀. Ohun tí bàbá onílé sì ṣe gan-an nìyẹn. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ bí ti ẹni tó dọ̀bálẹ̀, orí rẹ̀ kan ilẹ̀ bí ti ẹni tó forí balẹ̀, ọkùnrin tí ó sì ṣe é fún ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun àárọ̀ tán ni, ó ti fọ ọwọ́, ó ń wá ibi tí yóò nu ún sí.

Ọkùnrin náà ni olùkọ́ ẹ̀mí tí ìdílé bàbá onílé ti ń tẹ̀ lé láti nǹkan bí ọdún 12 sẹ́yìn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé orúkọ òun kiri. Ọmọ Telugu ni, láti ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, ó sì ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Rishikesh, létí odò Ganges, ní apá àríwá Íńdíà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ tí Chennai wà, tí wọn yóò sì jọ rìn láti tẹ́ḿpìlì dé tẹ́ḿpìlì. Lọ́dún yẹn, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n yà sọ́tọ̀, nítorí wọ́n fẹ́ wà ní ìlú Palani nígbà Thaipusam, àjọ̀dún òrìṣà Murugan, tó bọ́ sí ọjọ́ 11 oṣù náà. Ìyàwó bàbá onílé ló ní kí n bá wọn lọ. Mo ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, mi ò sì tíì rí ibi tó kọjá Chennai láti ọdún mẹ́ta tí mo ti dé. Mo gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan tí mo bá ara mi ṣe nínú yàrá: mi ò ní forí balẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwa 14 la wà nínú bọ́ọ̀sì, olùkọ́ sì wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan níwájú, pẹ̀lú awakọ̀ àti ìjókòó mẹ́ta tó ṣófo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti bá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rin ìrìn àjò rí, ẹ mọ ohun tí ìjókòó mẹ́ta tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni ńlá lè dá sílẹ̀. Kí a tó kúrò ní Chennai ni wọ́n ti kọ orúkọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ àti ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án sínú ìwé. Síbẹ̀, obìnrin méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, nítorí pé ọ̀kan kò sọ̀ níbi tó yẹ kó ti sọ̀.

"Saami" ni wọ́n ń pe olùkọ́ náà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, "sàmì" ni etí mi gbé e, bí ìgbà tí àlùfáà bá fẹ́ sàmì fún ọmọ ọwọ́. Ohun tó sì tẹ̀ lé e náà ni àmì, nítorí ó ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ kékeré kan, ó fi eérú funfun tí wọ́n ń pè ní vibhuti fa ilà sí wọn níwájú orí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ń sun kí ó tó di eérú yẹn. Èdè Tamil kò bá Yorùbá tan níbì kankan, ṣùgbọ́n ó níbi tí méjèèjì ti ń pàdé lójijì, bí ìgbà tí èèyàn bá rí ẹni tó jọ àbúrò rẹ̀ nínú ọjà ìlú òkèèrè. "Vaa" ni wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ní kí èèyàn wá. Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbà, yóò di "vaanga", bí àwa náà ṣe ń sọ pé "ẹ wá", torí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún èèyàn púpọ̀ náà ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni "anna", ẹ̀gbọ́n obìnrin ni "akka", àbúrò ọkùnrin ni "thambi", ọlọ́jà tí kò rí ọ rí yóò sì kọ́kọ́ fi ọ̀kan nínú wọn pè ọ́ kí ó tó sọ iye tí ọjà rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn máa ń rẹ́rìn-ín sí Tamil tí Saami ń sọ, nítorí ohùn Telugu kò kúrò nínú rẹ̀. Tèmi burú ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi máa ń pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àlejò méjì lè jọ sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí Kanchipuram. Ọ̀sán gangan la wọ àgbàlá tẹ́ḿpìlì Ekambareswarar, òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ wa, ohun tó sì wà lọ́kàn mi jù lọ ni ibi tí òjìji wà. Níbẹ̀ ni Saami ti ṣàlàyé fún mi pé tẹ́ḿpìlì márùn-ún ni Shiva, òrìṣà ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Hindu, ní tó dúró fún ohun márùn-ún tí ayé fi dúró: ilẹ̀ ni ti Kanchipuram, iná ni ti Tiruvannamalai, omi ni ti Thiruvanaikaval, òfuurufú ni ti Chidambaram, afẹ́fẹ́ sì ni ti Srikalahasti, tó wà ní Andhra. Mẹ́rin nínú wọn la máa dé.

Tiruvannamalai ni mi ò lè sáré kọjá. Òkè ni òrìṣà ìlú náà. Wọn kò sọ pé òrìṣà ń gbé orí òkè. Òkè Arunachala fúnra rẹ̀ ni Shiva lójú wọn. Èyí kò ṣòro fún ọmọ Abẹ́òkúta láti gbọ́ yé, nítorí abẹ́ Olúmọ ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun, wọn ò sì tíì yé bọ ọ́. Ohun tí àwọn olùjọsìn ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n ń rìn yí òkè náà ká láìwọ bàtà, ìrìn kìlómítà 14, wọ́n ń yà ní ojúbọ mẹ́jọ tó wà lójú ọ̀nà. Bí òṣùpá bá kún, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń dà bo ojú ọ̀nà yẹn láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Àwa lọ ní ọjọ́ lásán, ní aago mẹ́ta òru, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, tí àwọn ajá àti àwọn baba arúgbó aláṣọ ọsàn nìkan ń sùn sẹ́bàá ọ̀nà.

Bí a ṣe ń rìn ni Saami ń sọ ìtàn Ramana Maharshi, olùkọ́ ẹ̀mí tó gbé ìdí òkè náà. Venkataraman ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní 1879. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1896, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 16, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó mú rúpì márùn-ún nínú àpótí kí ó lọ bá òun san owó ilé ẹ̀kọ́. Ó mú mẹ́ta, ó fi méjì sílẹ̀, ó kọ lẹ́tà kúkúrú tì í pé òun ń wá Bàbá òun lọ, kí ẹnikẹ́ni má banú jẹ́, kí wọ́n má sì náwó wá òun. Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé owó ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n òun kò tíì san. "Èmi" ló fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Kí ó tó dé àárín, "èmi" ti di "èyí", bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tó wà nílẹ̀, nígbà tó sì parí, kò fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ló sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Tiruvannamalai, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1950. Kò ní olùkọ́ kankan tó jẹ́ èèyàn; òkè náà ló pè ní olùkọ́ òun. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, tí àwọn èèyàn ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá jókòó síwájú rẹ̀, ó ṣì máa ń wà ní ilé ìdáná kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń gé ẹ̀fọ́. Saami ní ibi tí "èmi" ti di "èyí" nínú lẹ́tà yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ ọkùnrin náà wà. Èmi ń ronú nípa ẹ̀gbọ́n tí kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ san.

Nígbà tí a dé ojúbọ kẹta, tó jẹ́ ti Yama, òrìṣà ikú, mo bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Chennai. Mo ní, "Saami, ṣé kì í ni yín lára tí bàbá tó lè bí yín bá nà sílẹ̀ níwájú yín?"

Kò dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló wá sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí òun gba aṣọ ọsàn, aṣọ àwọn tó kọ ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, òun kọ́kọ́ ṣe ìsìnkú ara òun. Gbogbo ètùtù tí ọmọ ń ṣe fún bàbá rẹ̀ tó kú, òun fúnra òun ló ṣe é fún ara òun. Orúkọ tí wọ́n sọ òun nílé ti kú, ìran òun ti kú, ogún òun ti di ti ẹlòmíràn. Bí èèyàn bá kú lọ́dọ̀ wọn, wọ́n máa ń sun òkú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà sun àwọn aláṣọ ọsàn, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sin wọ́n sí, nítorí iná ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lára wọn ṣáájú. Òfin wọn sì ni pé bàbá tó bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìyá nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀; bí ó bá pàdé ìyá rẹ̀, òun ni yóò dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Bàbá mi ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò lè wo ojú rẹ̀."

Mo wá sọ nípa egúngún fún un. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ogún ọdún lè wà lábẹ́ aṣọ, kí ìyá tó bí i kúnlẹ̀ fún un, kí baálé ṣí fìlà fún un, kí wọ́n máa pè é ní bàbá, nítorí pé ará ọ̀run ló jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ lágbájá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ń yé èmi fúnra mi. Ojú ọ̀nà ìdọ̀bálẹ̀ tí mo sọ pé kì í ṣàn padà sẹ́yìn, ó ń ṣàn padà nílé wa lọ́dọọdún, lójú gbogbo ayé, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè rí. Òkú ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún. Òkú náà ni bàbá onílé mi dọ̀bálẹ̀ fún lórí sìmẹ́ńtì.

Saami dúró lójú ọ̀nà. Ó ní, "Nírọ̀lẹ́ ńkọ́?"

Mo ní nírọ̀lẹ́, ọmọ náà á padà sí ìgbàlẹ̀, á bọ́ aṣọ, á wẹ̀, á sì lọ jẹ àmàlà nílé ìyá rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn tó wà níwájú fi wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tiwa kò ní ìrọ̀lẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi fún ọjọ́ méjì, títí di àárọ̀ tí a fẹ́ gba ọ̀nà Chidambaram lọ. Awakọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sùn gbàgbé, a sì ti pẹ́ ní wákàtí kan. Saami bá a wí lójú gbogbo wa, ìbáwí gígùn tó mú bí abẹ, ọmọkùnrin tí kò ju ẹni ọdún 25 lọ sì dorí kodò, ó ń wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mi ò ka ìbínú sí èèmọ̀. Èèyàn tó rìn ní ẹsẹ̀ lásán, tí kò sùn dáadáa, lè bínú. Ohun tó bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn sọ sí mi létí pé ìbùkún ni, pé ẹ̀ṣẹ̀ àtẹ̀yìnwá awakọ̀ náà ni Saami ń fi ìbáwí jó dànù. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn láti ilé. Lọ́dọ̀ tiwa náà, àṣìṣe ẹni ńlá máa ń di àdììtú kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ ni wọn yóò ní kó dúpẹ́. Bí aṣọ kò bá ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà wo ni ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò rí àyè sọ pé òun ṣì í ṣe?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jí dáadáa, mo rí Saami tó gbé ife tíì méjì jáde láti búkà kan tó wà lódì kejì títì, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì wa. Ọ̀nà jìn sí mi, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo kàn rí i pé ọmọkùnrin náà fẹ́ dìde dúró, tí Saami fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jókòó.

Ní Chidambaram, níbi tí wọ́n ti ń bọ Shiva gẹ́gẹ́ bí oníjó, ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà tí wọ́n fi aṣọ ìkélé bò. Àwọn èèyàn ń ti ara wọn láti rí i nígbà tí wọ́n bá fà á. Wọ́n fà á, kò sí ère kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àyè òfìfo ni, pẹ̀lú ewé wúrà tí wọ́n so rọ̀. Bàbá onílé bi mí bóyá mo rí i. Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn sí èsì yẹn ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní Thiruvanaikaval, lẹ́bàá Tiruchirappalli, níbi tí omi ti ń sun ní ìdí òkúta Shiva, mo rí ohun tó mú mi rántí Ọ̀yọ́. Bí ọ̀sán bá pọ́n, àwòrò ọkùnrin yóò ró aṣọ bí obìnrin, yóò dé adé, yóò sì wá bọ Shiva bí ẹni pé abo òrìṣà Akilandeswari ni òun ń ṣe, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé abo òrìṣà náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ ọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín, torí mo ti rí àwọn adóṣù Ṣàngó tó dirun bí obìnrin, tí àwọn ọlọ́gbọ́n òde òní sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.

A sùn mọ́jú ní abúlé kan lẹ́yìn ibẹ̀, nílé opó kan tó ti lé ní 80. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọmọbìnrin ọmọ rẹ̀ ti wọ́n omi síwájú ilé, tó ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya kolam sílẹ̀, tó ń ya ilà kan gba ìdí òmíràn láìgbé ọwọ́, títí gbogbo ẹnu ọ̀nà fi dà bí ẹní tí wọ́n hun. Nígbà tí oòrùn yóò fi gòkè, èèrà ti ń kó o lọ, kò sì sẹ́ni tó lé wọn. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà ní òun fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ Saami. Wọ́n gbé àwo idẹ wá, ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ìyá da omi sí i, ó da wàrà, ó tún da omi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa dákẹ́ fún. Ló bá dúró. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé gìgísẹ̀ ọ̀tún Saami sókè bí ẹni ń yẹ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ wò. Ó ti là, láti ọ̀nà yíyí òkè ká, ó sì ti ń ṣe ọyún. Ìyá pariwo pé kí wọ́n gbé ata ilẹ̀ pupa àti òróró àgbọn wá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí ní Tamil tó yára débi pé Saami alára kò gbọ́ gbogbo rẹ̀: irú ọmọ wo lèyí, ta ló ń tọ́jú rẹ̀ ní àríwá yẹn, ṣé kò ní bàtà ni? Saami jókòó, ó káwọ́, ó ń gba gbogbo rẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Nígbà tó di egbò náà tán, ìyá nu ọwọ́, ó to òdòdó sórí ẹsẹ̀ kan náà yẹn, ó sì forí lé e.

Oúnjẹ ọjọ́ náà ni mo ṣì ń rántí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kẹfà tí mi ò ti fojú kan ẹran nìyẹn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwo wa. Nígbà tí mo jẹ tán, bàbá onílé kọ́ mi kí n ká ewé náà sọ́dọ̀ ara mi, láti fi hàn pé mo yó. Bí mo bá ká a sí òdì kejì, ti ilé òkú nìyẹn.

Láti ibẹ̀ lọ sí Palani, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kún fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn kan wọ aṣọ tútù bí ewé, àwọn mìíràn wọ aṣọ ọsàn, ọ̀pọ̀ wọn ti rìn láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún Murugan. Àwọn ará abúlé gbé ìrẹsì àti omi wàrà sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró jẹun. "Saami" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, lọ́mọdé lágbà. Mo bi ìyàwó bàbá onílé bóyá mo gbọ́ dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni: ẹni tó bá ti wọ aṣọ ẹ̀jẹ́, saami ni títí tí yóò fi bọ́ ọ, òrìṣà náà, saami ni, olùkọ́ wa tó wà níwájú, saami ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Saami tiwa sọ ìtàn Palani fún wa nínú bọ́ọ̀sì, nítorí ó ti fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, bóyá láti parí ìjà ìjókòó náà. Wọ́n mú èso kan ṣoṣo wá fún Shiva àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n ní èyí tó bá kọ́kọ́ yí ayé ká nínú ọmọkùnrin wọn méjèèjì ló máa jẹ ẹ́. Murugan gun ọ̀kín, ọba ẹyẹ, ó fò lọ. Ganesha, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, elérí erin, rìn yí bàbá àti ìyá rẹ̀ ká, ó ní ayé òun nìyẹn, ó sì gba èso. Nígbà tí Murugan padà dé, ó bínú lọ jókòó sórí òkè Palani. Saami bi mí ta ló jàre. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ ń mú, a kì í tilẹ̀ díje. Bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín.

Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gun òkè Palani. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn ún gbé kavadi lé èjìká, igi tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n fi òdòdó àti ìyẹ́ ọ̀kín ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n so ìkòkò wàrà kékeré mọ́. Ìlù ń dún, wọ́n ń ké "Arohara!" Ní nǹkan bí ìdajì òkè, òrìṣà gun obìnrin kan. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un, mi ò sì nílò rẹ̀. Gèlè kò sí lórí rẹ̀, irun rẹ̀ tú, ó ń mì, ó ń jó, ojú rẹ̀ kò wo ẹnikẹ́ni. Ó hàn lára aṣọ rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ oko ni. Àwọn tó yí i ká ń pè é ní saami, ní amma, ìyẹn ìyá, wọ́n ń tẹ́wọ́ gba eérú lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn tiwa, tí púpọ̀ wọn jẹ́ olówó tàbí ọ̀mọ̀wé, sún sẹ́yìn díẹ̀. Saami kò sún. Ó lọ dúró síwájú rẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó sì tẹrí ba. Obìnrin náà fi eérú fa ilà sí i níwájú orí láìwo ojú rẹ̀, bí ó ti ń ṣe fún àwọn yòókù.

Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ pé Aláàfin, tí gbogbo Ọ̀yọ́ ń dọ̀bálẹ̀ fún, máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí Ṣàngó bá gùn, tí yóò sì pè é ní bàbá. Kíkà ni mo ka èyí. Lórí àtẹ̀gùn Palani ni mo rí bó ṣe máa ń rí lójú àwọn ìjòyè tó dúró lẹ́yìn, tí wọn ò mọ ibi tí wọn yóò wò.

Lókè, mo dúró níbi òpó àsíá. Ní oṣù Kíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga Madras pàṣẹ pé kí ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Hindu má kọjá ibẹ̀ àfi bí ó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun gba òrìṣà náà gbọ́, èmi kò sì lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò gbà. Ìyàwó bàbá onílé bu panchamirtham wá fún mi nínú ewé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, oyin, dàbínù, òrí màlúù àti ṣúgà ìrèké pupa tí wọ́n pò pọ̀. Mo lá ewé náà mọ́.

Ibùdókọ̀ ojú irin Dindigul la ti túká. Saami ń lọ sí Madurai, àwa ń padà sí Chennai. Àwọn ọmọlẹ́yìn na gbalaja sílẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn ẹrù, bàbá onílé náà pẹ̀lú orúnkún rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dọ̀bálẹ̀. Saami fi ọdún tó lé ní mẹ́wàá jù mí lọ, ìyẹn nìkan tó. Àyà mi kan ilẹ̀, ọwọ́ mi tẹ̀ mọ́lẹ̀, orí mi sì wà lókè, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Bàbá onílé rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ó ń sọ sí mi létí pé kí n gbé orí kanlẹ̀. Saami ní kó fi mí sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn.

Tamil kì í sọ pé òun ń lọ. Èèwọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn dágbére láìní ìpadàbọ̀ lọ́kàn. "Poyittu varen" ni wọ́n ń wí, pé mò ń lọ, mo sì ń bọ̀. Láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ni Saami ti sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn Telugu rẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn sì ń tún un sọ fún un bó ṣe yẹ kó dún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń sunkún, títí ọkọ̀ fi gbéra. Mo ní, "Ó dàbọ̀, sà." Nígbà tí a fẹ́ gun àtẹ̀gùn jáde, bàbá onílé wá ògiri tì, ni ó bá di èjìká mi mú, ó mí kanlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀.